Orúkọ Bàbá Mi Lára Òkúta

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì oṣù Ẹrẹ́nà, 2019

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kí n má baà di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn.

Mo mú Tilda lọ sílé Dagu. Dagu ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Nínú gbogbo ọmọ tí bàbá àgbà bí ní Shaoxing níbí, nílẹ̀ Ṣáínà, òun nìkan ló kù. Tilda ni a jọ ń gbé yàrá ní họ́sítẹ́ẹ̀lì àwa ọmọ Amẹ́ríkà — ọmọ Minnesota, ó ga fíofío, irun orí ẹ̀ bí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo. Ó ní ó ti sú òun láti máa wo ilé àwọn èèyàn láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì, òun fẹ́ jókòó nínú ọ̀kan. Mo ní kò burú, wá ká lọ. Ọ̀dẹ̀ ni mí.

Kò tíì bọ́ bàtà tán tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó kí Dagu, ó kí aládùúgbò tó ń sá aṣọ, ó bi wọ́n bí ẹ̀fọ́ oníyọ̀ tí wọ́n sá sẹ́nu ọ̀nà ṣe máa pẹ́ tó kó tó gbẹ. Ohùn ẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀, gẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ. Dagu pàtẹ́wọ́. "Háà! Ẹ wá gbọ́ o! Ó ń sọ Ṣáínà bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò!" Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ tó o gbé ojú wa kiri ńkọ́? Shen ni wọ́n ń pè ọ́, àmọ́ tó o bá lanu, bí ẹni tó há òkúta sẹ́nu ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Nídìí oúnjẹ, gbogbo ẹran tó dáa, abọ́ Tilda ló ń bọ́ sí. Tèmi: "O ti sanra tó, jẹ ẹ̀fọ́." Lẹ́yìn oúnjẹ: "Dìde, lọ fọ abọ́." Tilda fẹ́ dìde, Dagu dì í mú léjìká méjèèjì: "Rárá o, ìwọ jókòó, mu tíì." Kò tiẹ̀ lè pe Tilda. Xiao Bai, ìyẹn Bai kékeré, ló ń pè é, torí Bai ni wọ́n sọ ọ́ nílé-ìwé.

Ìgbà náà ló gbé búrọ́ọ̀ṣì àti àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ jáde. Láti ìgbà tí mo ti dé, gbogbo Àbámẹ́ta ló ń mú mi kọ orúkọ bàbá mi — Shen Wenbin. Ìdí ẹ̀ rèé. Òkúta kan wà lórí sàréè bàbá àgbà àti ìyá àgbà, lórí òkè lẹ́yìn ìlú. Wọ́n fín orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ sí i lára. Ẹni tó bá wà láàyè, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi ń kun tirẹ̀. Ẹni tó bá ti kú, dúdú. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ Qingming tí gbogbo èèyàn ń lọ tún sàréè òbí wọn ṣe, wọ́n á tún un kùn. Bàbá mi kú ní Cleveland nígbà tí Kérésì ku díẹ̀, ibẹ̀ la sin ín sí. Orúkọ ẹ̀ ṣì pupa níbí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di dúdú lọ́jọ́ karùn-ún oṣù tó ń bọ̀. Jianfeng, ọmọ Dagu, ló máa ń kùn ún, àmọ́ iṣẹ́ ò ní jẹ́ kó wálé lọ́dún yìí.

Mo sọ fún Mọ́mì pé torí ẹ̀kọ́ ni mo ṣe wá síbí. Irọ́ ni. Torí orúkọ yẹn ni. Mo fẹ́ kó jẹ́ èmi ni màá kùn ún. Mo bi Dagu lóṣù tó kọjá. Ó ní, "A ó wo ọwọ́ tó bá dúró."

Wàyí o — Tilda ní ṣé òun lè gbìyànjú ẹ̀ wò. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó kọ orúkọ bàbá mi. Dagu tẹjú mọ́ ọn. Ó wá jáde lọ pe àwọn aládùúgbò padà.

Láti òní lọ, Àpọ́nlé ni mò ń pe Tilda nínú ìwé yìí.

Àìkú, ọjọ́ kẹta

Àpọ́nlé ò mọ abọ́ fọ̀. Ọ̀rá wà lẹ́yìn ife ẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí inú mi lè dùn díẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Nílé oúnjẹ ilé-ìwé. Àpọ́nlé kí obìnrin tó ń bu núdù, ó bi í léèrè orúnkún tó ń dùn ún (ta ló sọ fún un pé orúnkún ń dùn ún?), obìnrin náà fi ẹyin kan sí i fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kàn mí. Ọ̀rọ̀ há. Mo nàka. Obìnrin náà wo ojú mi, ó rí ojú ará ilé, ó dúró kí n sọ̀rọ̀. Mo tún nàka. Ló bá bi Àpọ́nlé: "Ọ̀rẹ́ rẹ yìí, ṣé odi ni?"

Àpọ́nlé ní rárá, ojú ló ń tì í. Ó gbà mí sílẹ̀ o, inú sì bí mi ju ká ní ó bú mi lọ. Ó tún gé ẹyin náà sí méjì, ó fún mi ní ìdajì. Mo jẹ ẹ́. Tìbínú-tìbínú ni mo fi jẹ ẹ́.

Kí òyìnbó sọ gbólóhùn mẹ́ta, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Kí èmi sọ ogún, kí ẹyọ kan ṣì nínú ẹ̀ — "Ṣé bàbá ẹ ò kọ́ ẹ ni?" Ìgbà wo ni ì bá kọ́ mi? Ìgbà tó bá fi máa tibi iṣẹ́ dé, mo ti sùn.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

N ò pè é. Fúnra ẹ̀ ló wọ bàtà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé a ti ń lọ?" A!

Dagu ti se èéhù ọparun, torí Xiao Bai sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun fẹ́ràn ẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn ẹ̀. Ta ló bi mí?

Búrọ́ọ̀ṣì. Èmi kọ́kọ́. "Kí lèyí? Ẹsẹ̀ adìẹ! Bàbá rẹ kì í ṣe adìẹ. Tún un kọ." Mo tún un kọ. "Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgúnpá! Gbé ìgúnpá sókè, olódo!" Ó fi igi ìjẹun gbá mi ní ìgúnpá. Ó wá kan Àpọ́nlé. "Ó rẹwà. Ó mà rẹwà o." Ó fi ìrẹsì gbígbóná tó ìka méjì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Orúkọ bàbá mi, nínú ilé tí wọ́n bí i sí, lọ́wọ́ ọmọ Minnesota. Mo lọ ń fọ abọ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì ní kí n fọ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, Àpọ́nlé ní: "Dagu ò bá mi wí rí. Láti ìgbà tí mo ti dé orílẹ̀-èdè yìí, kò sẹ́ni tó bá mi wí rí." Bí ẹni tó ń ráhùn! Ẹni tó yó, tó ń sọ fẹ́ni tébi ń pa pé ẹran ti sú òun. Mo kọjú sí fèrèsé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Mò ń ti búrọ́ọ̀ṣì bọ omi, mò ń kọ orúkọ bàbá mi sórí símẹ́ǹtì níwájú yàrá, kó lè gbẹ kẹ́nikẹ́ni tó rí i. Shen Wenbin, Shen Wenbin, Shen Wenbin. Oòrùn ń nù ún, mò ń tún un kọ. Àpọ́nlé tẹ̀yìn yọ. Jẹ́ẹ́jẹ́ ló sọ ọ́: "Má fi ìka dì í le tó bẹ́ẹ̀." Mo dẹ ọwọ́. Ìlà náà lọ geere.

Òótọ́ ló sọ. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ó ti tán. Dagu bi í níṣojú mi, bó ṣe ń bó ẹ̀pà fún un: "Xiao Bai, ṣé wàá bá wa gun òkè lọ́jọ́ Qingming?" Àpọ́nlé fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Dagu mi orí pé ó dáa, ó wo ògiri, ó ní, "Ọwọ́ Xiao Bai dúró." Kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ sọ kó tó yé mi? A ó wo ọwọ́ tó bá dúró. Wọ́n ti wò ó. Wọ́n ti rí i.

Owú ni. Kí n pè é lórúkọ ẹ̀. Ó ń jẹ mí láyà bí ata. Bàbá tèmi ni. Tiẹ̀ wà láàyè ní Minnesota, ó ń fi fóònù kọrin ọjọ́ ìbí sí i.

Nígbà tá a sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo sọ fún un pé Dagu ní kó má wá mọ́. Pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Pé wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fún un ni wọ́n ṣe rán mi. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi bí ẹni pé mo ti ń há a sórí láti àárọ̀. Àwọ̀ ojú ẹ̀ yí padà. "Ṣé mo ṣẹ̀ wọ́n ni?" Mo ní rárá, báwọn àgbà ibí ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó ní ó dáa. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

N ò kábàámọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Àpọ́nlé ra ọsàn, ó dì í sínú ọ̀rá pupa, ó ní kí n fún Dagu, kí wọ́n má bínú. Mo gbé e fún bàbá tó ń ṣọ́ géètì. Inú bàbá yẹn dùn o. Ó bó ọ̀kan lójú ẹsẹ̀, ó ní Ọlọ́run á fún mi lọ́kọ rere.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Èmi nìkan. Mo ti ń retí ọjọ́ yìí.

Mo wọlé, Dagu wo ẹ̀yìn mi. "Xiao Bai dà?" Mo ní ikọ́ ń ṣe é. Àfi bí ẹni pé mo ní ilé ń jó. Ṣé ó wọ aṣọ tó nípọn? Ṣé omi dídì ló ń mu? Àwọn ọmọ òyìnbó yẹn, omi dídì ni ṣáá, pa wọ́n ni yóò pa wọ́n. Ṣé ẹ ní omi gbígbóná ní họ́sítẹ́ẹ̀lì? Ṣé ìwọ ń fún un? Bó ṣe ń bó èéhù ọparun, ọ̀rọ̀ Xiao Bai. Bó ṣe ń jẹun, ọ̀rọ̀ Xiao Bai. Mo kọ orúkọ bàbá mi, mo fi hàn án — ó kàn mi orí, ó tún wo aago. Ẹsẹ̀ adìẹ lásán, kò pè é.

Mo lé Àpọ́nlé lọ tán, ó tún jókòó sórí àga ju ìgbà tó wà níbẹ̀ lọ.

Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀dọ́gbọ̀n

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo wà lójú fèrèsé. Àpọ́nlé ń fo okùn nínú ọgbà, ó ń ka iye, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ pupa, ara ẹ̀ le koko. Ta ni mo rí lẹ́nu géètì? Dagu. Pẹ̀lú fúláàsì ńlá ní àyà ẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Bọ́ọ̀sì méjì ló wọ̀ wá. Ká ní ilẹ̀ lanu nígbà náà, ǹ bá wọ inú ẹ̀.

Mo rí ẹnu wọn tó ń lọ. Mo rí i tí Àpọ́nlé mi orí, pé rárá, kò sí ikọ́. Mo rí i tó bi Dagu ní nǹkan, tí Dagu náà mi orí. Wọ́n wá gbójú sókè wo fèrèsé lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Mo mọ gbogbo ẹ̀ tán: olódo, olórí kunkun, ẹlẹ́nu òkúta. Dagu ò bú mi. Ó da omi atalẹ̀ sínú ìdérí fúláàsì, ó gbé e fún Àpọ́nlé, ó ní kó ṣáà mu ún, kì í ṣe ikọ́ nìkan ló wà fún. Ó wá kọjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín fẹ́ẹ́. "Ẹ ṣé o, tí ẹ ń tọ́jú ọ̀rẹ́ yín."

Ẹ. Yín. Èmi!

Mo ní kí n sìn wọ́n dé ibùdó bọ́ọ̀sì. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, mo mọ ọ̀nà." Ó lọ.

Ṣé kí n tún kọ èyí? Nígbà tó ń da omi atalẹ̀ yẹn, nínú gbogbo ìtìjú, ohun tí mò ń rò ni pé kò gbé fúláàsì wá fún èmi rí. Owú ò nítìjú.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Tilda sọ fún mi láti àárọ̀: "Ká ní o sọ fún mi pé ìwọ nìkan lo fẹ́ ṣe é, ilé ni ǹ bá jókòó sí." Ó wá fi ìwé bojú.

N ò lè pè é ní Àpọ́nlé mọ́. Ó ti korò lẹ́nu.

Àbámẹ́ta, ọgbọ̀njọ́

Mo lọ.

Dagu ṣílẹ̀kùn, ó gbé sílípáàsì tuntun fún mi, ti àlejò. Èyí tó ti ya, tí mo máa ń wọ̀, kò sí ńlẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé tíì fún mi. Nídìí oúnjẹ, gbogbo ẹran tó dáa, abọ́ mi ló ń bọ́ sí. "Ẹ jẹun dáadáa o." Mo dìde láti fọ abọ́. Ó dì mí mú léjìká: "Rárá o, ẹ jókòó. Àlejò kì í fọ abọ́."

Mo sọ fún un ní Ṣáínà mi tó fọ́ pé mo purọ́, pé owú ló mú mi. Mo ṣì í sọ níbi méjì, mo gbọ́ ọ fúnra mi. Kò tún un ṣe. Ó ní, "Ẹ mà ń gbìyànjú o. Ṣáínà yín ti ń dára."

Yéè. Ó yìn mí! Mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn láti ọjọ́ tí mo dé, ìgbà tó sì dé, bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú. Ṣé ohun tí Tilda ti ń jẹ látọjọ́ yìí nìyí? Kò níyọ̀ rárá.

Kò gbé ìwé ìròyìn jáde. Kò gbé búrọ́ọ̀ṣì. Mo bi í nípa Qingming. "Ọ̀nà òkè yẹn máa ń yọ̀ tójò bá rọ̀. Tí ẹ bá ráàyè." Ó di èso sínú ọ̀rá fún mi, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì ń juwọ́ sí mi títí mo fi yà. Mo sunkún dé họ́sítẹ́ẹ̀lì. Obìnrin kan nínú bọ́ọ̀sì fún mi ní bébà ìnujú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù Igbe

Mo bẹ Tilda. Mo sọ ọ́ tọsàn-tọsàn, títí kan bàbá ẹnu géètì. Níbi ọ̀rọ̀ ọsàn ló ti rẹ́rìn-ín, láìfẹ́. Mo ní kó bá wa lọ lọ́la. Mo ní tí Dagu bá gbé búrọ́ọ̀ṣì fún un, èmi ni màá bá a di agolo ọ̀dà mú.

Mo sọ ọ́, mo sì máa ṣe é. Àmọ́ owú ò tíì lọ o. Ó kàn jókòó sí kọ̀rọ̀ ni, ó ń wò mí.

Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Òjò winniwinni. Gbogbo ìlú ló wà lọ́nà òkè, tọwọ́ tìgbálẹ̀. Dagu kí Tilda, ó kí mi. "Ẹ káàbọ̀." A gun òkè. Òun ló ṣíwájú, kò wẹ̀yìn.

A tu koríko, a gbálẹ̀. Dagu to àkàrà ìrẹsì aláwọ̀ ewé sílẹ̀, ó da ọtí, ó sun bébà fún àwọn òkú. Ó wá yọ agolo ọ̀dà kékeré méjì nínú àpò. Ó ṣí èyí pupa, ó na búrọ́ọ̀ṣì sí Tilda.

Mo rò pé mo ti múra sílẹ̀. N ò múra. Àmọ́ mo ti ṣèlérí. Mo gba agolo, mo dì í mú.

Ọwọ́ Tilda ò gbọ̀n rárá. Ó kun ti Dagu. Ó kun ti Jianfeng. Ó wá dúró. "Ṣé kì í ṣe ìwọ rèé?" Èmi ni. Wọ́n fín mi sí ìlà ìsàlẹ̀, ìlà àwọn ọmọ-ọmọ. Bàbá àgbà kú nígbà tí mo ṣì ń rákò ní Cleveland, wọ́n sì ti fín mi síbẹ̀ láti ìgbà yẹn, ẹnì kan sì ń kùn mí pupa lọ́dọọdún. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Tilda kùn mí. Mo dára.

Ó wá ku bàbá mi. Dagu ṣí èyí dúdú. Mo wo ilẹ̀.

"Kí lò ń wò nílẹ̀? Gba búrọ́ọ̀ṣì."

Mo ní ọwọ́ Tilda ló dúró jù.

Dagu bú gbàù. Àwọn tó wà nídìí sàréè kejì yíjú wò wá. "Ta ló bi ọ́ léèrè? Ẹnikẹ́ni ló lè kun orúkọ alààyè! Ṣé Xiao Bai ni Wenbin bí? Ṣé Xiao Bai ló sin ín? Kí lo rò pé mò ń fi gbogbo ìwé ìròyìn ilé mi ṣòfò lé lórí látìgbà tó o ti dé? O wá lọ ń purọ́ kiri, o jẹ́ kí n gbé omi atalẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì méjì lásán! Olódo! Orí rẹ le bíi ti bàbá rẹ! Gba nǹkan yìí kí ọ̀dà má gbẹ!"

Mo gbà á. Mo ń sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín, imú mi ń ṣàn. Tilda gbé agbòjò sí mi lórí.

Ìlà kejì wọ́. "Ẹsẹ̀ adìẹ! Nù ún! Ìgúnpá!" Mo nù ún, mo tún un fà. Pupa tó wà lábẹ́ ń yọjú, mo kùn ún lẹ́ẹ̀kan, ó ṣì ń yọjú. Mo tún un kùn. Ní Cleveland, n ò sunkún lójú sàréè. Mọ́mì rò pé ọkàn mi le ni. Ibí ni mo wà, tí mò ń wá pupa kiri ní kọ̀rọ̀ orúkọ ẹ̀, tí mò ń pa á, títí kò fi sí mọ́ níbì kankan. Ìgbà yẹn ni bàbá mi tó kú lójú mi. Mo pariwo. Dagu ò sọ pé kí n dákẹ́.

Nígbà tó yá, ó fi ìka kan tọ́ka sí orúkọ tòun, tí pupa ẹ̀ ṣì ń dán. "Bí èyí bá di dúdú lọ́jọ́ kan, ìwọ ni wàá wá láti Amẹ́ríkà yẹn wá kùn ún. Má jẹ́ kí Jianfeng fọwọ́ kàn án. Tiẹ̀ tún burú ju tìrẹ lọ."

Mo ní ó dáa.

Ó kó agolo ọ̀dà sínú àpò, ó ní kí n gbé ìgbálẹ̀, ṣé òun ni màá jẹ́ kó gbé e ni? Bá a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ní kí n tètè dé lọ́la. Ìlà orúkọ tòun pọ̀ ju ti bàbá mi lọ, kí n tètè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.